Iná Brazil, Ata Mẹ́síkò: Bí Ẹ Ó Ṣe Jẹun Nílé Àrójẹ Tó Da Méjèèjì Pọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá máa ń kọ́kọ́ sọ bí wọ́n bá jẹ ẹran sísun àwọn ará Brazil ni pé ó rọ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n ata dà? Kò sí ata níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn darandaran Rio Grande do Sul, ní gúúsù Brazil, ni ẹran sísun yìí ti wá, iyọ̀ oníhóró nìkan ni wọ́n sì fi ń ra á lára kí wọ́n tó gbé e sórí iná. Àwọn ará Mẹ́síkò ní tiwọn kì í jókòó sídìí oúnjẹ láìsí ata: ata tútù, ata gbígbẹ, èyí tí wọ́n sun, èyí tí wọ́n fi èéfín yan. Nítorí náà, bí ilé àrójẹ kan bá da oúnjẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì pọ̀, tèmi ni pé ibẹ̀ bá ẹnu wa mu ju ilé tó ń se ti ọ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ gba ẹran lọ́wọ́ Brazil, ẹ gba ata lọ́wọ́ Mẹ́síkò. Bí ẹ ó ṣe ṣe é tí owó yín kò fi ní ṣòfò, tí ìrẹsì kò sì ní kún inú yín kí ẹran tó dé, ni mo fẹ́ sọ.

1. Kí ẹ tó kúrò nílé

Oríṣi ilé àrójẹ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ ó ti mú ohun tí ẹ fẹ́ nínú ménù, tí ẹ ó sì san owó ohun tí ẹ mú. Ní Britain, Las Iguanas tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bristol ní 1991 jẹ́ irú èyí: oúnjẹ Brazil àti ti Mẹ́síkò jọ wà lórí ménù kan náà, pẹ̀lú ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Latin America. Ìkejì ni rodízio. Iye kan náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa san níbẹ̀, wọ́n á sì máa gbé ẹran kiri, wọ́n á máa gé e sínú àwo yín títí ẹ ó fi ní ó tó. Fogo de Chão, tó bẹ̀rẹ̀ ní Porto Alegre ní 1979, gbé irú èyí dé Texas ní 1997. Texas yìí kan náà ni àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé ibẹ̀ ti sọ fajita, ìyẹn ẹran sísun gígé tí wọ́n ń fi tortilla jẹ, di oúnjẹ gbogbo ayé, torí náà kò yẹ kó yà yín lẹ́nu bí ẹ bá dé ilé rodízio tí tortilla (búrẹ́dì pẹlẹbẹ àwọn ará Mẹ́síkò) àti salsa (ọbẹ̀ ata wọn) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tàbí kí ẹ wo ménù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ mọ èwo ni tiwọn. Bó bá jẹ́ rodízio, ẹ béèrè bóyá ohun mímu àti ìpápánu aládùn wà nínú iye tí wọ́n kọ síta. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí níbẹ̀. Ẹ béèrè iye ti ọ̀sán. Ó sábà máa ń dín sí ti alẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹran tó pọ̀ jù níbẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n bóyá dandan ni kí gbogbo ẹni tó bá jókòó sí tábìlì kan náà san owó rodízio. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì ń dá ariwo sílẹ̀ nígbà tí bíìlì bá dé, pàápàá bí ẹ bá mú màmá kan dání tó jẹ́ pé ẹja nìkan ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ má febi pa ara yín láti àárọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ jẹ owó yín tán. Ẹni tí ebi ti pa jù ni búrẹ́dì àti ìrẹsì máa ń tàn jẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ jẹ nǹkan fúyẹ́, ẹ mu omi, ẹ máa bọ̀.

Bó bá jẹ́ feijoada ni ọkàn yín fà sí, Ọjọ́rú àti Sátidé ni wọ́n sábà máa ń sè é ní Brazil, ọ̀pọ̀ ilé àrójẹ wọn lókè òkun ló sì ń tẹ̀ lé ti Sátidé. Ẹ̀wà dúdú ni, tí wọ́n se pa pọ̀ mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, etí, ìrù, ẹsẹ̀ àti sọ́sééjì, tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú ìrẹsì funfun, ẹ̀fọ́ tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ àti ọsàn gígé. Ẹ má fi ọsàn yẹn sílẹ̀ bí ọ̀ṣọ́; òun ló ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu.

2. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò

Apá yìí kan Mùsùlùmí, ó kan àwọn ará Ìjọ Seventh-day Adventist, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà tàbí edé. Ẹlẹ́dẹ̀ máa ń fara pamọ́ sínú oúnjẹ orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí níbi tí ẹ kò lérò. Ẹ̀wà tí àwọn ará Mẹ́síkò tẹ̀ tí wọ́n tún dín, frijoles refritos, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín in láti ilẹ̀ wá. Tortilla oníyẹ̀fun àlìkámà náà lè ní ọ̀rá yẹn nínú. Tamal, ìyẹn àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé wé, ńkọ́? Bákan náà. Ní ti Brazil, wọ́n a máa fi bacon sí farofa (ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ yíyan), wọ́n a máa fi din ẹ̀fọ́, wọ́n sì tún máa ń fi wé adìẹ kí wọ́n tó gún un sí irin. Àwọn tó hàn gbangba pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ni linguiça, ìyẹn sọ́sééjì Brazil, àti carnitas, cochinita pibil àti taco al pastor ti Mẹ́síkò.

Nítorí náà, kí ẹ kàn bi wọ́n pé “Ṣé halal ni oúnjẹ yín?” kò tó. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú ẹran náà ló jẹ́ halal, àti pé ṣé iná kan náà, ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n ń lò fún un àti fún ẹlẹ́dẹ̀. Bí ẹni tó ń gba oúnjẹ yín sílẹ̀ kò bá mọ̀, ẹ ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ alásè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní Britain, láti 2014 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún ilé àrójẹ láti lè sọ èwo nínú ohun 14 tó máa ń dá ara àwọn èèyàn láàmú ló wà nínú oúnjẹ wọn. Ẹ̀pà, edé, wàrà, ẹyin àti kajú wà lára wọn. Oúnjẹ Bahia, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, kún fún ẹ̀pà, edé gbígbẹ àti kajú, nígbà mìíràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìkòkò kan.

Ẹni tí kì í jẹ àlìkámà ló rọrùn fún jù. Pão de queijo, ìyẹn búrẹ́dì róbótó kéékèèké tó ní wàràkàṣì nínú, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, tortilla gidi sì jẹ́ àgbàdo.

3. Ẹ ka ménù náà

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ Potogí àti ti Sípéènì dẹ́rù bà yín. Ilé ìdáná mẹ́ta péré ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn: iná gúúsù Brazil, ìkòkò Bahia, àti àgbàdo pẹ̀lú ata Mẹ́síkò. Bí ẹ bá ti mọ èyí tí oúnjẹ kan ti wá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ lè retí lára rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Bahia, torí pé ilé ni. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sè nílé ni wọ́n sì ń sè lọ́hùn-ún. Epo pupa, tí wọ́n ń pè ní dendê, ló wà nídìí rẹ̀. Moqueca ni ẹja tàbí edé tí wọ́n se nínú ìkòkò amọ̀ pẹ̀lú tòmátì, àlùbọ́sà, tàtàṣé, omi funfun tí wọ́n fún lára àgbọn, àti epo pupa. (Bí wọ́n bá kọ capixaba sí i, ti ìpínlẹ̀ Espírito Santo nìyẹn, kò lépo, kò lágbọn, ẹ má bá wọn jà pé wọ́n rẹ́ yín jẹ.) Caruru ni ilá tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n fi edé gbígbẹ, ẹ̀pà, kajú àti epo sè. Xinxim ni adìẹ tí wọ́n se pẹ̀lú àwọn èròjà yẹn kan náà, oúnjẹ Ọ̀ṣun sì ni láàárín àwọn onísìn ìbílẹ̀ wọn. Vatapá jẹ́ búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n lọ̀ mọ́ edé, ẹ̀pà, àgbọn àti epo, tí wọ́n sì ń rò lórí iná títí ó fi máa ki.

Acarajé, àkàrà ni. Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n lù, tí wọ́n din nínú epo pupa. Ọya ló ni ín. Ohun tí tiwọn fi yàtọ̀ ni pé ó tóbi, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á sì ki vatapá, caruru àti edé sínú rẹ̀. Ní 2005 ni ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń din ín ní Salvador, olú ìlú Bahia, sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń din ín bí wọ́n ṣe ń din ín ní Salvador, wọ́n lè bi yín pé “quente ou frio?” Kì í ṣe pé wọ́n ń béèrè bóyá gbígbóná lẹ fẹ́ tàbí tútù. Ata ni wọ́n ń béèrè. Ẹ dáhùn pé quente.

Farofa ni ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan nínú bọ́tà. Ojú gaàrí ló ní, ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa á sì ti máa wá omi àti ṣúgà kiri. Ẹ má bu omi sí i. Gbígbẹ ni wọ́n ń wọ́n ọn sórí ẹ̀wà tàbí ẹran, kí ó lè fa omi ọbẹ̀ mu. Bí ẹ bá mú ìyá àgbà kan dání tí wọ́n ń kùn pé àwọn kì í jẹ jẹ́rẹ́njẹ́rẹ́n, ẹ pe moqueca ẹja, ìrẹsì funfun àti farofa fún wọn, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lára wọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ti Mẹ́síkò, àgbàdo ni olórí. Wọ́n máa ń fi ẹfun tí wọ́n rí láti ara òkúta jíjó se àgbàdo náà títí èèpo rẹ̀ yóò fi bó, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí tortilla fi ní òórùn tí ẹ̀kọ wa kò ní, tí kì í sì í já bí wọ́n bá ká a. Ní 2010, UNESCO fi oúnjẹ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò sára àjogúnbá ọmọ aráyé. Taco (tortilla tí wọ́n ká mọ́ ẹran), quesadilla (èyí tó ní wàràkàṣì nínú) àti enchilada (èyí tí wọ́n ká, tí wọ́n sì da ọbẹ̀ ata lé), orí tortilla ni gbogbo wọn dúró lé. Mole jẹ́ ọbẹ̀ ata gbígbẹ tó ní èròjà púpọ̀. Ti ìlú Puebla máa ń ní ṣokoléètì, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ àdídùn, ẹran adìẹ tàbí tòlótòló ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tamal ni àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sínú ewé tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Ẹ kọ́kọ́ tú ewé náà o. Ààrẹ Gerald Ford bu tamal jẹ tèwé-tèwé ní San Antonio ní 1976, ojú gbogbo ayé ló ṣe. Ọmọ tó bá ti tú ewé mọ́ínmọ́ín rí kò ní ṣe irú rẹ̀.

Ẹ ó tún rí àwọn oúnjẹ tí alásè fúnra rẹ̀ ti da pọ̀: burrito (tortilla ńlá tí wọ́n fi wé oúnjẹ) tó ní feijoada nínú, quesadilla tó ní edé moqueca, taco picanha (ẹran màlúù tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀). Ti taco picanha nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí láìṣiyèméjì. Àwọn yòókù sábà máa ń jẹ́ pé oúnjẹ dáadáa méjì ló bọ́ sínú ara wọn tí adùn ọ̀kan sì pa ti èkejì. Ẹ pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fúnra yín dà wọ́n pọ̀ lórí tábìlì.

4. Ẹran

Ní ilé rodízio, ẹni tó ń gbé ẹran kiri, tí wọ́n ń pè ní passador, á yọ sí yín pẹ̀lú irin gígùn àti ọ̀bẹ mímú. Káàdì róbótó kékeré kan á ti wà níwájú yín, apá kan jẹ́ àwọ̀ ewé, apá kejì pupa. Bí àwọ̀ ewé bá wà lókè, wọn ò ní yé wá. Bí pupa bá wà lókè, wọ́n á fi yín sílẹ̀ kí ẹ mí. Ẹ fi pupa sílẹ̀ lókè ná. Ẹ lọ wo tábìlì sàláàdì, ẹ bu ewé díẹ̀, ẹ tọ́ ọkàn igi ọ̀pẹ tí wọ́n ń pè ní palmito wò, kí ẹ sì kọjá àwọn ànàmọ́ àti ìrẹsì láìwẹ̀yìn. Pão de queijo ẹyọ méjì tó. Gbígbóná ló ń dùn, bó bá ti tutù ó di róbà.

Nígbà tí ẹ bá yí káàdì sí àwọ̀ ewé, sọ́sééjì àti adìẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, torí pé àwọn ló tètè ń jinná, àwọn náà ni kò sì wọ́n ilé àrójẹ lówó. Ẹ mi orí, ẹ ní “não, obrigado” (obìnrin á ní “obrigada”), kò sẹ́ni tí yóò bínú. Picanha ni kí ẹ dúró dè. Ó wá láti òkè ìdí màlúù, ọ̀rá funfun sì bò ó lápá kan. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ kọ́rọ́ kí wọ́n tó gún un sí irin, kí ọ̀rá náà lè máa kán sára ẹran bí ó ṣe ń yí lórí iná. Ẹ má gé ọ̀rá yẹn sọnù kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Bí passador bá ń gé e, ẹ fi ẹ̀mú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo yín di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi ọwọ́ fà á.

Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lára ẹran. Ọ̀nà wà fún èyí láìjẹ́ pé wọ́n gbé ẹran náà padà títí ó fi máa gan bí igi. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná bọ̀, ara rẹ̀ lóde ti jinná, ó ti pọ́n, iyọ̀ rẹ̀ sì ti mú; inú ló ṣì ń pupa. Ẹ ní kí wọ́n gé ti òde fún yín. Bí wọ́n bá ti gé òde tán, wọ́n á gbé irin náà padà sórí iná kí òde tuntun lè jinná. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sọ ni “bem passada”, ìyẹn èyí tó jinná dáadáa. Ẹni tó fẹ́ kó pupa díẹ̀ nínú á ní “ao ponto”.

Lẹ́yìn picanha, costela, ìyẹn ẹfọ́nhà màlúù tó ti pẹ́ lórí iná títí ẹran fi ń bọ́ lára egungun, ni ọkàn mi ń lọ sí. Fraldinha wá láti apá ikùn. Ó ní iṣan gígùn, ẹ gé e dábùú iṣan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa jẹ ẹ́ títí di ọ̀la. Ẹ tún béèrè cupim. Iké màlúù ni, irú màlúù oníké bíi ti àwọn Fúlàní nílé. Ọ̀rá àti ẹran ló wọnú ara wọn níbẹ̀, ó gba kí ó pẹ́ gan-an lórí iná, torí náà kì í ṣe gbogbo ilé ló ń ṣe é. Àìrìn jìnnà làìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹni tó bá rìn jìnnà á jẹ iké màlúù pẹ̀lú fọ́ọ̀kì. Ọkàn adìẹ máa ń wà lórí irin náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló ń sá fún un, tiyín nìyẹn.

Bí wọ́n bá gbé ọ̀pẹ̀-òyìnbó sísun tí wọ́n fi sínámọ́nì ra lára dé láàárín ẹran, ẹ gbà á. Kì í ṣe ìpápánu ìkẹyìn, ó wà láti fọ ẹnu kí ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀.

5. Ata, àti bí ẹ ó ṣe di taco yín

Ibí ni Mẹ́síkò ti ń ṣe wá lóore. Ẹ ó rí abọ́ salsa kéékèèké lórí tábìlì, àwọ̀ wọn kò sì sọ bí wọ́n ṣe ta tó. Èyí tí tòmátì tútù, àlùbọ́sà àti ewé cilantro gígé wà nínú rẹ̀ ni pico de gallo. Fún ẹnu wa, sàláàdì ni. Brazil ní vinagrete tó jọ ọ́ gan-an, àmọ́ òróró àti fínígà ló wà nínú ìyẹn, kì í sábà ní ata rárá. Salsa aláwọ̀ ewé, tomatillo, ìyẹn èso aláwọ̀ ewé tó jọ tòmátì, ni wọ́n fi ń ṣe é, ó kan, ó sì dára lórí ẹran ọlọ́ràá. Chipotle ni jalapeño (irú ata Mẹ́síkò kan) tó pọ́n tí wọ́n fi èéfín yan. Èéfín lẹ ó gbọ́ lẹ́nu ju títa lọ. Jalapeño fúnra rẹ̀ kò lè ṣe ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní nǹkan kan.

Habanero ni ẹ ń wá. Ìdílé kan náà ni òun àti ata rodo lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ewéko, Capsicum chinense, òórùn wọn sì jọra. Ilẹ̀ Yucatán ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ jù ní Mẹ́síkò. Àwọn ilé àrójẹ lókè òkun kì í sábà gbé e sórí tábìlì torí kí àwọn oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n má bàa sunkún, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń wà nínú ilé ìdáná. Ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Bí kò bá sí, ẹ béèrè molho de pimenta lọ́dọ̀ àwọn ará Brazil: ata malagueta wẹ́wẹ́ tí wọ́n rẹ sínú òróró tàbí fínígà. Mo mọ àwọn àǹtí kan tó ń gbé ata gígún sínú báàgì lọ síbi àríyá òyìnbó. Ẹ fi í sílé, ẹ kò ní nílò rẹ̀ níbí.

Ó wá kan taco. Ẹ ní kí wọ́n gbé tortilla àgbàdo wá, kí ó gbóná, kí wọ́n fi aṣọ wé e. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́lẹ́, ẹ gbé méjì lé ara wọn. Ẹ gé picanha tàbí fraldinha yín sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e sáàárín, kó má pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì kò bá lè pàdé, ẹran ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ wọ́n àlùbọ́sà tútù àti cilantro lé e. Ẹ kán habanero sí i, díẹ̀ ná, kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, torí pé bó bá pẹ́ lórí tortilla, á rẹ ẹ́. Ẹ ká a, ẹ fi ìka mẹ́ta gbé e, ẹ tẹ orí yín sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó bù ú jẹ. Orí ni ẹ ó tẹ̀, ẹ má tẹ taco, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á dà sínú àwo. Fọ́ọ̀kì kò níṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wọ́n farofa díẹ̀ sí i. Kò sí ará Mẹ́síkò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ará Brazil tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn.

Guacamole, ìyẹn píà tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́, dára fún ẹni tí ata ti mú lẹ́nu. Ó ń pa títa ata ju omi lọ, torí ọ̀rá rẹ̀.

6. Ohun mímu àti àdídùn

Caipirinha ni ọtí Brazil: cachaça tí wọ́n ń pọn láti inú omi ìrèké, ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n gún pẹ̀lú ṣúgà, àti omi dídì. Ọtí tó wà nínú cachaça máa ń wà láàárín 38% sí 48%, adùn ṣúgà ló sì ń bo agbára rẹ̀. Margarita, ọtí Mẹ́síkò, náà lágbára: tequila (ọtí líle wọn), ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ létí ife. Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ẹ má dà wọ́n pọ̀, kí ẹni tó máa wa ọkọ̀ má sì fọwọ́ kan èyíkéyìí. Ẹni tí kì í mutí ní agua de jamaica: ìsápá pupa tí wọ́n rẹ sómi gbígbóná, sóbò tí kò ní ata ilẹ̀. Horchata ti Mẹ́síkò, omi ìrẹsì pẹ̀lú sínámọ́nì, á dẹ ẹnu fún ọmọdé. Guaraná jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò Brazil, àmọ́ ó ní káfíìnì, ẹ má fún ọmọdé ní alẹ́.

Nínú àdídùn, ẹni tí inú rẹ̀ ti kún kó mú brigadeiro kan ṣoṣo, ó kéré, wàrà dídì alágolo àti kòkó ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí àyè ṣì wà nínú rẹ̀ kó pe tres leches, ìyẹn kéèkì tí wọ́n rẹ sínú oríṣi wàrà mẹ́ta.

7. Owó

Ní Brazil àti ní Mẹ́síkò, wọn kì í gbé bíìlì wá bí ẹ kò bá béèrè, wọ́n kà á sí pé wọ́n ń lé yín. Ìwà yẹn ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn dé òkè òkun. Ẹ ní “a conta, por favor” fún ará Brazil, “la cuenta, por favor” fún ará Mẹ́síkò.

Ẹ ka bíìlì náà kí ẹ tó san án. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń fi owó ìsìn kún un, 12.5% ló wọ́pọ̀ ní London. Kì í ṣe dandan, ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ bí wọn kò bá tọ́jú yín. Láti October 2024 ni òfin ti ní kí gbogbo owó yẹn dé ọwọ́ òṣìṣẹ́. Bó bá ti wà nínú bíìlì, ẹ má tún fi típù mìíràn sílẹ̀ láìmọ̀. Amẹ́ríkà yàtọ̀: 18% sí 20% ni wọ́n ń retí, típù yẹn sì ni ọ̀pọ̀ wétà ń jẹ. Kódà ní rodízio, àwọn passador náà sábà máa ń wà lára ẹni tó ń pín in. Ní Brazil, 10% ló máa ń wà nínú bíìlì. Ní Mẹ́síkò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fi 10% sí 15% sílẹ̀.

Ilé rodízio kì í jẹ́ kí èèyàn di ẹran lọ sílé, ẹ má gbìyànjú láti fi nápíkìn wé e. Níbi tí ẹ ti san owó àwo kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ike kí ẹ kó ìyókù. Tamal àti ẹ̀wà dúdú á tún dùn lọ́jọ́ kejì. Ẹ jẹ guacamole tán síbẹ̀, torí pé á ti dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́.